Ọrùn mi ò dọ̀tí, irùngbọ̀n mi kì í ṣe àwàdà

1/ Okùn ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á. Obìnrin ni mí, mo sì ní irùngbọ̀n. Àràárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè àti Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń fá a kí n tó tan kámẹ́rà. Gbogbo fídíò mi tí ẹ ti ń wò láti ọdún mẹ́ta, abẹ́ ti kọjá lójú mi kí ẹ tó rí i.

2/ PCOS ló fà á. Mi ò wá tọrọ àánú o, ìjà ni mo gbé wá. Mo fẹ́ bá àwọn tó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ jà. Mo fẹ́ bá àwọn tó ń ta kíríìmù fún wa jà. Mo fẹ́ bá àwọn dókítà kan jà. Mo sì fẹ́ bá ara mi náà jà, ẹ má dá mi lóhùn títí ẹ ó fi dé ibẹ̀.

3/ Ọ̀rọ̀ mi ò ju ẹyọ kan lọ: irùngbọ̀n, irorẹ́, irun orí tó ń já, ọrùn tó dúdú, kò sí èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ oge nínú wọn. Ẹ̀rí àìsàn ni wọ́n. Ara ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ni ẹ ń fi rẹ́rìn-ín, tí ẹ ń kun nǹkan bò ó, tí ọ̀pọ̀ obìnrin fi ń lo ọdún gbọọrọ kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe wọ́n.

4/ Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn. Ọmọ ọdún 16 ni mí nígbà tí ẹ̀yìn ọrùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, tó sì ń nípọn. Abíyá mi náà ń dúdú. Níbi ìsọmọlórúkọ kan, ẹ̀gbọ́n màmá mi wò mí láàárín èrò, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o kì í wẹ̀ ni?" Wọ́n fà mí lọ sí balùwẹ̀, wọ́n fi kànìnkànìn àti ọsàn wẹ́wẹ́ bó mi lọ́rùn. Ẹ̀jẹ̀ yọ. Dúdú ò kúrò.

5/ Kò lè kúrò, torí kì í ṣe ìdọ̀tí. Acanthosis nigricans ni wọ́n ń pè é. Ínsúlínì ni họ́mónù tó ń kó ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọnú ara. Tí ara ò bá gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́, ṣe ni ara á tún máa pèsè rẹ̀ sí i. Àpọ̀jù yẹn ló ń mú kí awọ ọrùn, abíyá àti abẹ́ ọyàn máa hù ju bó ṣe yẹ lọ, tó fi ń nípọn, tó fi ń dúdú. Inú ẹ̀jẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Kànìnkànìn ò dé ibẹ̀.

6/ Fún ọ̀pọ̀ nínú wa, ibẹ̀ náà ni irùngbọ̀n ti wá. Gbogbo obìnrin ló ní áńdírójìnì, họ́mónù tí àwọn èèyàn ń pè ní ti ọkùnrin. Ó kàn kéré lára wa ni. Ínsúlínì tó pọ̀ jù máa ń ti ilé ẹyin kó pèsè áńdírójìnì kún un. Ó tún ń dín èròjà kan tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe kù, èyí tó yẹ kó di áńdírójìnì náà mú kó má ráyè dààmú ara. Wàhálà méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

7/ Ẹ wá wo ìkà tó wà níbẹ̀. Áńdírójìnì kan náà tó ń sọ irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àgbọ̀n di irun dúdú líle, òun náà ló ń mú kí irun àárín orí tín-ín-rín títí orí á fi máa hàn. Ibi tí a ò fẹ́ ló ń hù sí, ibi tí a fẹ́ ló ti ń já. Ó tún ń mú kí awọ ojú máa da òróró jù. Òróró dí ojú ihò awọ, irorẹ́ dé. Irorẹ́ ńlá, ní àgbọ̀n àti ẹ̀bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, tó ń dunni téèyàn ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án.

8/ Awọ dúdú bíi tiwa tún wá ní tirẹ̀. Irorẹ́ á lọ, àpá ẹ̀ á jókòó fún oṣù mélòó kan. Irun tí a fá á ká padà sínú awọ, á di kókó wẹ́wẹ́. Ẹ̀yin á wò wá, ẹ á ní, "Kí ló dé tó o máa ń tẹ nǹkan lójú?" Ẹ̀gbọ́n, mi ò tẹ nǹkan kan. Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre.

9/ Ó ku yẹ̀yẹ́. Ní yunifásítì, ọmọkùnrin kan ní kíláàsì wa ń pè mí ní "Alfa". Gbogbo kíláàsì á rẹ́rìn-ín, èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ní àjẹ́ ni obìnrin onírùngbọ̀n. Àwọn Yorùbá kan náà ló sì ń sọ pé ewú logbó, irùngbọ̀n làgbà. Ó dáa, ẹ wá dọ̀bálẹ̀ kí mi nígbà náà! Irùngbọ̀n tó jẹ́ ọlá lójú ọkùnrin, kí ló sọ ọ́ di ẹ̀gàn lójú obìnrin?

10/ Àwọn tó láàánú lára wọn á ní, "Má da ara ẹ láàmú, obìnrin onírun, olówó ni." Owó dà? Gbogbo èyí tí mo rí, abẹ́ àti powder ló gbé e lọ. Ìyìn yẹn náà ò dáa o. Tẹ́ ẹ bá sọ fún ọmọ ọdún 15 pé àmì ọlà ni irùngbọ̀n òun, ṣé ó máa lọ rí dókítà ni? Yẹ̀yẹ́ bo àìsàn mọ́lẹ̀, ìyìn náà bò ó mọ́lẹ̀.

11/ Ibi tó dùn mí jù rèé. Láti 2003 ni àwọn dókítà ti fẹnu kò ní Rotterdam, ní Netherlands, pé nǹkan mẹ́ta ni wọ́n á máa wò. Ìkíní, ṣé nǹkan oṣù ò ṣe déédéé? Ìkejì, ṣé áńdírójìnì pọ̀ jù, yálà ó hàn nínú ẹ̀jẹ̀ tàbí ó hàn lójú àti lára? Ìkẹta, ṣé scan fi hàn pé àpò ẹyin kéékèèké pọ̀ jù nínú ilé ẹyin? Méjì nínú mẹ́ta ti tó, tí wọ́n bá ti rí i pé kì í ṣe àìsàn mìíràn ló fà á.

12/ Ẹ tún un kà. Méjì nínú mẹ́ta. Ìlànà àgbáyé tí wọ́n gbé jáde ní 2023 sọ pé àgbàlagbà obìnrin tí nǹkan oṣù ẹ̀ ò ṣe déédéé, tí áńdírójìnì sì ti hàn lára ẹ̀, kò pọn dandan kó ṣe scan kí wọ́n tó mọ̀ pé PCOS ni. Irùngbọ̀n tí ẹ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, ìdajì àyẹ̀wò ni! Ojú mi ló wà látijọ́ yìí. Gbogbo yín lẹ rí i, kò sẹ́ni tó kà á.

13/ Àwọn dókítà tiẹ̀ ní òṣùwọ̀n irun. Ferriman àti Gallwey ló gbé e jáde ní 1961. Lónìí, ibi mẹ́sàn-án ni wọ́n ń wò: òkè ètè, àgbọ̀n, àyà, òkè ikùn, ìsàlẹ̀ ikùn, òkè ẹ̀yìn, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, apá àti itan. Wọ́n á fún ibi kọ̀ọ̀kan ní 0 sí 4, wọ́n á ro ó pọ̀. Bí wọ́n ṣe ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ń wọn irun. Ta ló wá kọ́ yín pé ọ̀rọ̀ "ó burẹ́wà" ni?

14/ Ó kan dókítà. Ọdún tí mo ń ṣe àgùnbánirọ̀ ni mo kọ́kọ́ fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ. Oṣù kẹrin rèé tí mi ò rí nǹkan oṣù mi. Mo ṣí ìbòmú, mo fi àgbọ̀n mi hàn wọ́n. Wọ́n ní, "Ṣé o ti lọ́kọ?" Mo ní, "Rárá sà." Wọ́n ní, "Tó o bá lọ́kọ, tó o fẹ́ bímọ, kó o padà wá. Ti irun yẹn, lọ máa fá a." Ó ti parí. Mi ò tíì jókòó dáadáa.

15/ Sà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: ṣé ilé ọmọ nìkan ni mo jẹ́ ni? PCOS lè sọ èèyàn di onítọ̀ ṣúgà. Tí nǹkan oṣù bá ń pẹ́ kó tó wá, awọ inú ilé ọmọ á máa nípọn, ìyẹn sì ń mú kí ewu jẹjẹrẹ ibẹ̀ pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ wa ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá fínra. Èwo nínú ìwọ̀nyí ló máa dúró de ọkọ?

16/ Ẹ má sì sọ pé àìsàn ayé òde òní ni. 1935 ni Stein àti Leventhal ti kọ̀wé nípa obìnrin méje tó ní i ní Chicago. Ẹ má sọ pé ti àwọn tó sanra ni. Èmi tín-ín-rín báyìí, mo ní i. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú obìnrin 100 tó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ, ó tó 10 sí 13 tó ní i, àti pé nínú àwọn 100 tó ní i, ó lè tó 70 tí kò mọ̀. Wọn ò mọ̀, ó sì wà lójú wọn!

17/ Níbi tí dókítà ti lé mi jáde, oníkíríìmù ti dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. "Ọrùn dúdú? A ní set ẹ̀." Inú irú kíríìmù bẹ́ẹ̀ ni hydroquinone máa ń wà, tàbí sítẹ́rọ́ìdì, ìgbà mìíràn mẹ́kúrì. NAFDAC ní hydroquinone ò gbọ́dọ̀ ju 2 nínú 100 lọ. Ẹni tó ń pò ó nínú ike ní pálọ̀, kí ló fi ń wọ̀n ọ́n? Mẹ́kúrì ń ba kíndìnrín jẹ́. Sítẹ́rọ́ìdì ń sọ awọ di fẹ́lẹ́, ó ń mú irorẹ́ tirẹ̀ wá, ó sì lè mú irun hù lójú. O fowó ra ohun tó máa fi kún nǹkan tó ò ń sá fún.

18/ Wàyí o, ó kàn mí. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ẹni kan tó ń ta kíríìmù fún mi ní ₦60,000 kí n polówó set ọrùn dúdú àti irorẹ́. Owó ilé mi ti pé. Mo gbà á. Mo fá irùngbọ̀n, mo kun powder, mo fi filter sí i, mo wá yí ọrùn sí kámẹ́rà, mo ní, "Ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́run!" Mi ò fi kíríìmù yẹn kan ara mi rí.

19/ Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin kan wọnú DM mi. Ọmọ ọdún 19. Owó oúnjẹ ló fi rà á. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́: ọrùn ẹ̀ ti bó yánnayànna, ó ń pọ́n. Mo sì rí irun dúdú mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lábẹ́ àgbọ̀n ẹ̀ tó fẹ́ fi ìka bò. Ó kọ ọ́ pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mélòó ni kí n tún rà kó tó ṣiṣẹ́? Bóyá mi ò wẹ̀ dáadáa ni."

20/ Bóyá mi ò wẹ̀ dáadáa ni. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n màmá mi níbẹ̀, àmọ́ èmi ni mo sọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Mo fi owó ẹ̀ ránṣẹ́ padà láti àpò mi. Mo ní kó gbé ike kíríìmù náà dání lọ bá dókítà awọ ara, kó má fi pa mọ́. Mo pa fídíò náà rẹ́. Àmọ́ ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá èèyàn ti wò ó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rà á torí mi, ẹ má bínú. Ẹ̀yin ni mo ń kọ èyí sí.

21/ Tó o bá rí ara ẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí, máa kọ ọjọ́ tí nǹkan oṣù bá dé sílẹ̀. Tó bá ń ju ọjọ́ 35 lọ kó tó padà wá, tàbí tí kò tó ìgbà mẹ́jọ lọ́dún, ẹ̀rí nìyẹn. Ya fọ́tò àgbọ̀n ẹ kó o tó fá a. Béèrè fún àyẹ̀wò testosterone, ṣúgà, thyroid àti prolactin. Tí wọ́n bá bi ẹ́ léèrè ọkọ, sọ pé, "Mi ò wá torí ọmọ, mo wá torí ara mi." Tí irun bá ṣàdédé ya lù ẹ́ láàárín oṣù díẹ̀, tí ohùn ẹ sì ń rinlẹ̀ bíi ti ọkùnrin, má jẹ́ kó di ọ̀la, nǹkan mìíràn lè wà níbẹ̀.

22/ Ìtọ́jú wà. Oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníhóró wà, spironolactone wà, metformin wà. Dókítà ló ń yan èyí tó bá ẹ mu o! Ẹ má torí mi lọ rà á ní kẹ́míìsì: spironolactone lè ṣèpalára fún ọmọ inú oyún. Ó sì máa tó oṣù mẹ́fà kó o tó rí ìyàtọ̀ nínú irun. Kó tó dìgbà yẹn, fá a tó o bá fẹ́. Fífá kì í mú irun nípọn sí i, wọ́n ti dán ìyẹn wò láti 1928.

23/ Tó ò bá sì fẹ́ fá a, ara ẹ ni. Harnaam Kaur wà ní Britain, PCOS ló ní. Ó dá irùngbọ̀n ẹ̀ sí, Guinness World Records sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ni obìnrin tí ọjọ́ orí ẹ̀ kéré jù tó ní irùngbọ̀n kíkún. Èmi ò tíì láyà tó yẹn. Mi ò kàn ní purọ́ mọ́ pé mi ò ní in ni.

24/ Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ̀ ń ṣe fídíò, ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Wọ́n á gbé owó wá bá ẹ̀yin náà. Ẹ bi wọ́n pé kí ló wà nínú ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi nọ́ńbà NAFDAC hàn yín. Tí ẹ ò bá lè fi ọrùn tiyín dán an wò, ẹ dá owó náà padà. Mo mọ̀ pé owó ilé ń bẹ nílẹ̀. Tèmi náà ń bẹ.

25/ Àárọ̀ òní ni mo ya fọ́tò tó wà nísàlẹ̀ yìí. Kò sí filter, mi ò sì tíì fá a láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ bá mi pín okùn yìí títí á fi dé ọ̀dọ̀ àbúrò yín tó ń fi ṣíbọ́ọ̀lù bo ọrùn kiri nínú oòrùn. DM mi ṣí sílẹ̀ fún ìbéèrè. Ẹ má ṣá bi mí ní orúkọ kíríìmù.