Gẹ̀ẹ́sì Tó Sọ Mí Di Onígbèsè

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ rò fún yín.

Ìyá kan ń ránṣọ ládùúgbò wa ní Àpẹ̀tẹ̀. Iléeṣẹ́ kan ní kí wọ́n bá àwọn rán aṣọ iṣẹ́ méjìlá. Wọn ò tíì ra aṣọ tí iléeṣẹ́ náà fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù wọn: "The order has been called off." Ìyá ní, "Akọ̀wé, wá bá mi kà á." Èmi tí mo gba kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì ní WAEC, mo ń kánjú lọ síbi iṣẹ́, mo wò ó fìrí, mo rí "called", ni mo bá ní, "Mà, wọ́n ní àwọn ti ń pè yín lórí iṣẹ́ yẹn ni." Ìyá rò pé iṣẹ́ ọ̀hún ló ń kán wọn lójú. Wọ́n fi owó àjọ ra aṣọ, wọ́n rán an mọ́jú. Nígbà tí wọ́n kó o débẹ̀, ọ̀gá ibẹ̀ ní, "Ṣebí a ti kọ̀wé sí yín pé a ò ṣe mọ́?"

Hẹn! Ojú tì mí, ilẹ̀ ò lanu.

Ohun tó mú mi rèé. Pípè ni "call", ṣùgbọ́n tí "off" bá ti tẹ̀ lé e, ó di wíwọ́gilé. Wíwò ni "look". "Look for" ni wíwá, "look after" ni títọ́jú, "look into" ni wíwádìí. Eré sísá ni "run", ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní "the paint has run out", ọ̀dà ò sáré lọ síbì kankan, ó tán ni. Tí ọ̀gá bá sì ní ìpàdé ti di "put off", ẹ má lọ pa iná o! Wọ́n ti sún un síwájú ni.

Kì í ṣe àwa nìkan ló ń dà láàmú. Lọ́dún 1755, Samuel Johnson gbé ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì jáde. Kì í ṣe Àlùfáà Samuel Johnson tiwa tó kọ ìtàn Yorùbá o, òyìnbó ni. Òun fúnra ẹ̀ sọ níbẹ̀rẹ̀ ìwé náà pé irú ọ̀rọ̀ báyìí ló ń nira jù fún àlejò.

Àmọ́ Yorùbá náà ní irú ẹ̀. Tí a bá ní "ó tàn mí jẹ", ta ló jẹ ẹran ara ta? Ẹ wo "mo gbà á gbọ́": "gbà" lọ́tọ̀, "gbọ́" lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pàdé, wọ́n bí nǹkan mìíràn. "Á" sì jókòó sáàárín wọn, bí òyìnbó ṣe ń sọ "call it off" gẹ́lẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá iléeṣẹ́ ṣòwò, ẹ má fi ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ dájọ́. Ẹ kọ́ méjèèjì pa pọ̀. Èyí tó bá rú yín lójú, ẹ bi ẹni tó ránṣẹ́: "Ṣé kí n má ṣe é mọ́ ni, sà?" Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ̀yin akọ̀wé bíi tèmi, ohun tẹ́ ẹ ò bá mọ̀, ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n.

Ìyá ò bú mi. Wọ́n kàn ní, "Akọ̀wé, o ṣeun." Ó dùn mí ju ìgbátí lọ. Mo ti ń san owó aṣọ náà díẹ̀díẹ̀. Ó ku márùn-ún.

Ẹ̀yin ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì wo ló ti fi irú ẹ̀ ṣe yín rí? Ẹ kọ̀wé sí wa. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.