Ẹ Kọ́kọ́ Yan Awakọ̀, Kí Ẹ Tó Yan Ibi Tí Ẹ Ó Ti Tọ́ Ọtí Wò

Nọ́ọ̀sì àdúgbò yín ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí dé ìparí, kí ẹ sì kà á fún àwọn àgbà tí ojú wọn kò gbé fóònù mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ọdún ni mo mú wá. Oṣù Kejìlá ni àwọn ọmọ wa máa ń ti Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà dé. Lọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ wọn ti fẹ́ràn kí wọ́n gba ìsinmi, kí wọ́n wa mọ́tò láti ìlú kan dé èkejì, kí wọ́n máa bẹ àwọn ilé ìpọntí kéékèèké wò, níbi tí ẹni tó pọn ọtí náà gan-an ti máa bù ú fún wọn tọ́ wò. Wọ́n wá fẹ́ irú rẹ̀ nílé. Wọ́n á ní ká háyà bọ́ọ̀sì, ká lọ bá ẹlẹ́mu lóko, ká tọ́ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ wò lọ́dọ̀ àwọn ìyá tó ṣì ń fi àgbàdo ṣe é, ká ya Èkó níbi tí Bature Brewery ti ń pọn bíà tirẹ̀, ká sì gba Bàdágírì àti Sẹ̀mẹ̀ kọjá sí Àjàṣẹ́ àti Kútọnu, ká lọ wo bí wọ́n ṣe ń fi ẹmu ṣe sódábì.

N kò wá sọ pé kí ẹ má lọ. Ọtí pípọn kì í ṣe ohun àjèjì sí wa, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìyá wa ni. Ní àríwá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, obìnrin ló ń fi ọkà bàbà pọn tchoukoutou títí dòní, wọ́n sì ń fi owó rẹ̀ rán ọmọ níléèwé. Kí àwọn ọmọ wa mọ irú nǹkan báyìí dára.

Òótọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ ìlera náà nìyí: ní oṣù Kìíní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ gbangba pé kò sí ìwọ̀n ọtí kankan tí a lè pè ní aláìléwu. Ọtí wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ, títí kan jẹjẹrẹ ọmú. Ẹ ti gbọ́. Àgbàlagbà ni yín, kálukú yóò pinnu fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà nínú ọkọ̀ náà tí kò lè pinnu fún ara rẹ̀ nìkan. Awakọ̀ ni, nítorí ẹ̀mí gbogbo yín wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ bá mi wo bí a ṣe ń ṣètò ìrìn-àjò. A ó jókòó lórí ọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé mẹ́ta. A ó jíròrò lórí ẹni tí yóò se ìrẹsì, ẹni tí yóò gbé kúlà, iye tí kálukú máa dá. Dírẹ́bà nìkan ni a kì í jíròrò lé lórí. Ó bá ku ọ̀la, ẹnì kan á ní, "Mo mọ bọ̀dá kan ní gáréèjì." Ó parí.

Bí a bá wá dé ibi tí à ń lọ, ìwà ọmọlúàbí wa á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. "Ẹ má gbàgbé dírẹ́bà o! Ẹ fún un ní ìgò kan, kó fi ta ojú jí." Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ìwà burúkú ló ń fi ọtí sí awakọ̀ lẹ́nu, inú rere tiwa ni. Àwa obìnrin la máa ń bu oúnjẹ fún un, àwa náà la máa ń gbé ìgò tì í. Nítorí náà, ọwọ́ wa ni àtúnṣe rẹ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ìgò bíà ńlá, 60cl, tí wọ́n kọ 5% sí lára, ní ojúlówó ọtí tó tó gíráàmù 24 nínú. Ẹ̀dọ̀ èèyàn kì í yára. Gíráàmù 7 sí 10 péré ló ń lè kúrò lára ní wákàtí kan. Ìgò kan ṣoṣo, nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta nìyẹn. Bí dírẹ́bà bá jókòó ti ìgò mẹ́ta ní aago 10 alẹ́, ọtí náà lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí di aago 5 àárọ̀, ó sì lè di aago 8. Ọkọ̀ yín ti gbéra láti aago 4, kí gósíló má bàa mú yín. Ẹ ó rò pé ó ti sùn, ó ti jí, ó ti wẹ̀. Ọtí ṣì ń bá a wa ọkọ̀.

Kọfí kò lè lé e jáde. Omi tútù kò lè lé e. Orógbó kò lè lé e, ọbẹ̀ ata kò lè lé e. Àwọn wọ̀nyí lè la ojú èèyàn, wọn kò lè mú ẹ̀dọ̀ sáré. Àkókò nìkan ló ń mú ọtí kúrò lára.

Ẹ ṣọ́ra fún ìgò kékeré pẹ̀lú. Àwọn bíà tí ilé ìpọntí kéékèèké ń ṣe, òmíràn máa ń le dé 8%. Ìgò kékeré 33cl irú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ọtí tó ìgò ńlá ti tẹ́lẹ̀ nínú. Ẹmu náà ní tirẹ̀. Èyí tí wọ́n gbé sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀ máa ń dùn, kì í le. Ṣùgbọ́n kò dákẹ́ nínú kẹ́gì, ó ń kan sí i ni, ó sì ń le sí i. Ẹmu tí ẹ tọ́ wò láàárọ̀ kọ́ ni ẹ ó mu nírọ̀lẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ kẹ́gì kan náà.

Dírẹ́bà mìíràn á ní, "Ìyá, n kì í mutí o, àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ni." Ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi rẹ ẹ́. Bó bá jẹ́ ògógóró ni wọ́n fi rẹ egbò, ọtí ló mu. Paraga kì í ṣe oògùn ojú oorun.

Àwọn kan á sì sọ pé, "Dírẹ́bà wa yìí, ọtí kì í pa á." Mo ti gbọ́ ọ títí. Ẹni tí ọtí ti mọ́ lára lè má ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì lè já geere, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ àti ẹsẹ̀ tó fi ń tẹ bíréèkì ti lọ́ra. Ọkọ̀ tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń rin mítà 28 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Bí ẹsẹ̀ bá fi ìṣẹ́jú-àáyá kan pẹ́, mítà 28 ti lọ. Ewúrẹ́ tàbí ọmọdé tó sáré sọdá kò ní dúró dè é.

Ọ̀rọ̀ kù fún ẹ̀yin tí ẹ jókòó lẹ́yìn. Bí a bá ti ń dàgbà, omi ara wa ń dínkù, ife tí kò ṣe wá ní nǹkan ní ọmọ ogójì ọdún lè gbé wa ṣubú ní àádọ́rin. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ bíi glibenclamide tàbí tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin, bí ó bá mutí láìjẹun, ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀. Yóò máa gbọ̀n, yóò máa làágùn, yóò máa sọ ìsọkúsọ, ẹ ó sì rò pé ọtí ló ń pa á. Ẹ má jẹ́ kó sùn. Bí ó bá lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní omi ṣúgà kíákíá, kí ẹ sì gbé e lọ ilé ìwòsàn. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ọtí lè mú òòyì kọ́ ọ bó bá dìde. Ẹni tó ń lo Flagyl, tàbí oògùn oorun, tàbí tramadol, kó má fẹnu kàn án rárá. Aláboyún, bẹ́ẹ̀ náà: kò sí èyí tó kéré jù láti ṣe ọmọ inú ní jàm̀bá.

Ní ti ògógóró àti sódábì tí kò ní orúkọ lára, ẹ rántí Òde-Ìrèlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwọn èèyàn níbẹ̀, ojú wọn ṣókùnkùn, ọ̀pọ̀ sì kú. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Methanol inú ògógóró ni. Lọ́dún yẹn kan náà, ó tún pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìpínlẹ̀ Rivers. Ẹ kò lè fi ojú mọ̀ ọ́n, ẹ kò sì lè fi imú mọ̀ ọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá mu ọtí líle, tí ojú rẹ̀ wá ń ṣe bàìbàì lọ́jọ́ kejì, tí orí ń fọ́ ọ, tó ń bì, epo pupa àti mílíìkì kò lè wò ó. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Ní báyìí, ètò tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbé yẹ̀ wò rèé:

*1. Ẹ yan awakọ̀ kí ẹ tó dá ọjọ́.* Ẹ bi í tààrà: "Ṣé o lè ṣe gbogbo ìrìn-àjò yìí láìfẹnu kan ọtí, àti àgbo olótìí?" Bó bá ń rẹ́rìn-ín dáhùn, ẹ wá ẹlòmíràn. Bí ọ̀nà bá jìn, ẹ mú awakọ̀ méjì.

*2. Ẹ ṣírò ìtọ́jú rẹ̀ mọ́ owó tí ẹ dá.* Oúnjẹ gidi, omi, mọ́ọ̀tì, àti yàrá tí yóò ti sùn. Kó má sùn sínú ọkọ̀. Ẹ ṣèlérí owó ọpẹ́ tí ẹ ó fún un nígbà tí ẹ bá délé láyọ̀.

*3. Ibi tí ẹ bá ti mu, ibẹ̀ ni kí ẹ sùn.* Ilé ìpọntí kan lóòjọ́ ti tó, kó sì jẹ́ òun ló kẹ́yìn. Èyí tí ẹ bá rà, kó wà ní búùtù títí ẹ ó fi délé. Ẹ má rìn lóru.

*4. Ẹ yan obìnrin kan tí kò ní mutí, kó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀.* Òun ni ojú yín. Bó bá ní "Ẹ dúró," kí ọkọ̀ dúró. Kó rí i pé ẹ sinmi ní wákàtí méjì-méjì, kí gbogbo èèyàn sì de bẹ́líìtì.

*5. Kálukú kó oògùn rẹ̀ dání, kó sì jẹun kó tó tọ́ ohunkóhun wò.* Ẹni tí ọtí bá gbé sùn, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má dá a dùbúlẹ̀ lẹ́yìn, kí èébì má bàa há a lọ́fun.

*6. Ẹ kọ 122 sínú fóònù yín.* Nọ́ḿbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní Nàìjíríà ni.

Ẹnì kan lè sọ pé dírẹ́bà á bínú, pé ọkùnrin ni, kò ní gba àṣẹ lẹ́nu obìnrin. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ẹ sọ ọ́ fún un pẹ̀lú ẹ̀rín, kó tó di ọjọ́ ìrìn-àjò, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ bá wa dá sí i. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n ń bu ọtí fún awakọ̀, ẹ má dákẹ́ torí pé inú ọdún la wà.

A máa ń gbàdúrà pé ká má rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àmín lọ́pọ̀lọpọ̀. Ṣùgbọ́n kí a má fi ọwọ́ ara wa bọ́ ọ̀nà. Mo fẹ́ kí ẹ lọ, kí ẹ rí i, kí ẹ padà wá ròyìn rẹ̀ fún wa ní ìpàdé oṣù Kìíní, kí ẹ pé bí ẹ ṣe lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ mìíràn, pàápàá àwọn tó ti háyà ọkọ̀ ọdún. Ọ̀nà á là fún wa o. Nọ́ọ̀sì yín ni.