Kí Ìwé Ìbí Wá Sí Ọjà Bétérou

Nígbà tí òjò bá ń dáwọ́ dúró ní Bétérou, tí omi odò Ouémé sì ń fà, iṣu á pọ̀ nílé. Àsìkò ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ nìyẹn. Àwọn ará oko á wálé, ọjà á sì kún.

Ilé-ìwé náà á ti wọlé. Ọ̀pọ̀ òbí kì í rántí ìwé ìbí, àfi ọdún tí ọmọ bá fẹ́ ṣe ìdánwò CEP. Ẹkún ló máa ń tẹ̀ lé e.

Tchaourou ni kọ́múnù tí ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ jù ní Benin. Àgbègbè 7 ló wà nínú rẹ̀, Bétérou sì jẹ́ ọ̀kan. Àgbẹ̀ tó ń gbé inú oko jìnnà sí bírò. Bí ó bá lọ, iṣẹ́ ọjọ́ kan ti bọ́.

Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn òṣìṣẹ́ kọ́múnù gbé tábìlì wá sí ọjà ní àsìkò ìkórè, kí wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn kan á ní bírò wà ní ṣíṣí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ibi tí ẹja wà ni apẹja ń ju àwọ̀n sí.

Àwọn òbí náà ní iṣẹ́ tiwọn. Kí àlejò ìsọmọlórúkọ tó túká, kí wọ́n ti yan ẹni tí yóò lọ gba ìwé ìbí ọmọ náà.