Ta ló ní orin rọ́ọ̀kì kì í ṣe tiwa?

Ẹni tó bá ti gbé orin rọ́ọ̀kì sí i ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ó ti di ọmọ òyìnbó nìyẹn. Wọ́n á ní, "Ṣé kò sí orin ilé ni?" Ó wà o. Àwo kan ni mo fẹ́ fi dá wọn lóhùn: Chapter One, ti ẹgbẹ́ BLO, tí EMI gbé jáde ní Nàìjíríà ní ọdún 1973.

Àwọn mẹ́ta péré ni. Berkley Jones ló ń ta gìtá, Laolu Akins ló ń lùlù, Mike Odumosu ló di gìtá báàsì mú. Lẹ́tà àkọ́kọ́ Berkley, Laolu àti Odumosu ni wọ́n tò pọ̀ tó di BLO. Berkley àti Laolu ti bá Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream, ṣeré nínú Salt kí wọ́n tó dá tiwọn sílẹ̀. Ẹ fi "Chant to Mother Earth" sétí lálẹ́ tí iná bá ti lọ. Psychedelic ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, orin tó ń ṣe èèyàn bí ẹni tó ń lálàá lójú sísí. Gìtá yẹn á ké, á fà gùn, ìlù ò sì ní kánjú.

Lọ́dún yẹn kan náà ni Ofege ṣe Try and Love. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ St. Gregory's l'Ékòó ni wọ́n, ọmọ girama lásán! Berkley Jones bá wọn ta gìtá nínú rẹ̀. Àwa tí a wà ní yunifásítì ńkọ́?

Wọ́n á ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni BLO fi kọrin. Òótọ́ ni, ó sì dùn mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọwọ́ Laolu Akins tún dé: òun ló darí iṣẹ́ lórí Ace tí Shina Peters gbé jáde ní 1989. Ta ni kò jó Ace rí ní Òkè-Àdó? Àwọn ìyá wa ná owó lé e lórí. Onírọ́ọ̀kì yẹn kan náà ló wà nídìí ohun tí gbogbo wa ń pè ní orin ilé.

Ní 2001, Strut ní Lọ́ńdọ̀n kó orin BLO jọ, wọ́n tún un gbé jáde. Òyìnbó ń wá àwo yìí kiri. Níbí ńkọ́? Bí bàbá àgbà bá ti kú, àwọn ọmọ á palẹ̀ ilé mọ́, wọ́n á ta rédíógíràmù fún àwọn tó ń ra àlòkù, tòun ti àwo inú rẹ̀. Ní àdúgbò wa, mo rí àwo tí òjò ti pa lẹ́yìn ilé kan, páálí wọn ti rọ̀, orúkọ ò ṣe é kà mọ́. Ó bí mi nínú ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sílé fún ọdún, ẹ bá mi wo ìsàlẹ̀ àga àti orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ ya fọ́tò páálí àwo, kí ẹ sì bi àwọn àgbà léèrè ibi tí wọ́n ti rà á àti òde tí wọ́n ti jó o. Bó bá sì jẹ́ Chapter One lẹ rí, ẹ má tà á kí ẹ tó pè mí. Mo ti ní ẹ̀rọ tí yóò lù ú.