Àjẹṣẹ́kù Inú Irin

Nínú gáréèjì kan nítòsí òpópónà Bissonnet, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Houston, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì Lexus IS300 ọdún 2001 rẹ̀. Ó ní, "Ànkú, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún." Mo tẹ́tí. Kò gbọ̀n rárá. Pístìnì mẹ́fà ló tò tẹ̀lé ara wọn bí ọmọ iléèwé. Bí àwọn kan ṣe ń gòkè ni àwọn kan ń sọ̀ kalẹ̀, ìgbọ̀nrìrì ọ̀kan ń pa ti èkejì.

2JZ ni Toyota, tó ṣe é, ń pe ẹ́ńjìnì náà, lítà 3 ni. Tirẹ̀ kò ní tọ́bò; agbára ẹṣin 215 ni. Ìbátan rẹ̀ tó ní tọ́bò méjì, èyí tó wà nínú Toyota Supra tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1993 sí 1998, ní 320. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọṣẹ́ rẹ̀ máa ń fi tọ́bò ńlá kan ṣoṣo rọ́pò méjèèjì, wọn a sì gba 600 níbẹ̀, láì fọwọ́ kan pístìnì àti kíránkì tí Toyota fi sí i. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ọmọ náà rí oorun sùn. Gbogbo owó oṣù rẹ̀ ló fẹ́ dà sí i.

Mo bi í níbo ni agbára yẹn yóò ti wá. Ó ní láti inú tọ́bò. Rárá o. Atẹ́gùn ni tọ́bò ń rọ́ sínú ẹ́ńjìnì. Atẹ́gùn púpọ̀ ń béèrè epo púpọ̀, iná inú rẹ̀ yóò sì ràn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Irin ló ń fara da iná náà. Toyota fi irin líle ṣe ara ẹ́ńjìnì yìí, wọ́n sì fi bíárìn méje gbé kíránkì rẹ̀. Ìgbà tí owó ń ṣàn bí omi ní Japan, ní ìparí àwọn ọdún 1980, ni ìdílé ẹ́ńjìnì yìí ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ mọ́tò ibẹ̀ sì ti fohùn ṣọ̀kan pé àwọn ò ní polówó ọkọ̀ tó ju nǹkan bí agbára ẹṣin 280 lọ. Ohun tó ṣẹ́kù dúró sínú irin, bí owó tí bàbá fi pamọ́ tí kò sọ fún ọmọ.

Àjẹṣẹ́kù yẹn ni àwọn ọ̀dọ́ Houston ń ná láti bí ọgbọ̀n ọdún. Nǹkan bí 40,000 dọ́là ni Supra tó ní tọ́bò nígbà tó kọ́kọ́ jáde. Èyí tí òṣèré Paul Walker wà nínú fíìmù ọdún 2001, 550,000 dọ́là ni wọ́n tà á ní Las Vegas ní 2021. Òkìkí fíìmù ló gbé ìyẹn débẹ̀, àmọ́ àwọn yòókù náà ti wọ́n kọjá agbára ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ó di dandan kó yà sọ́dọ̀ IS300.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀, ibí sì ni mo ti ní kó jókòó ká sọ̀rọ̀. Ẹ́ńjìnì Supra tó ní tọ́bò ń fún atẹ́gùn mọ́ra ní ìwọ̀n 8.5 sí 1. Ti IS300 jẹ́ 10.5 sí 1. Ìyẹn ni pé àwọn tó ṣe é ti ná lára àjẹṣẹ́kù rẹ̀ kó tó jáde nílé-iṣẹ́, kó lè ní agbára láìsí tọ́bò. Bí a bá tún rọ́ atẹ́gùn lé e láì ní ìwọ̀n, epo yóò máa gbiná fúnra rẹ̀ láì dúró de iná pílọ́ọ̀gì, pístìnì á sì fọ́. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹni tó bá sì ti rìn láti Baytown, ní ìlà-oòrùn Houston, dé Bissonnet mọ bí ọ̀nà Houston ṣe jìn tó.

Kì í sì í ṣe tọ́bò nìkan ló ń náwó. Pọ́ọ̀mpù epo yóò tẹ̀ lé e, àti ínjẹ́tọ̀, àti bíréènì bọ́ọ̀kìsì, ìyẹn kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì, tí wọ́n gbọ́dọ̀ tún ṣètò, àti gíà. Bíréèkì ni ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ yìí máa ń rántí kẹ́yìn, ó sì ń bí mi nínú. Ọmọ náà ní òun yóò fi káàdì àwìn rà wọ́n. Èlé káàdì ní Amẹ́ríkà ti ju 20 lọ nínú 100 lọ́dún fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àjẹṣẹ́kù ti ara rẹ̀ gan-an nìyẹn: wákàtí iṣẹ́ alẹ́ tí kò tíì ṣe, ó ti ná an tán. Mo mọ̀ ọ́n, torí àwa tó ń ṣe iṣẹ́ méjì nílùú yìí, ara wa náà ni irin wa.

Mi ò ní kó má ṣe é. Ẹ̀bùn ọwọ́ rẹ̀ dára, mo sì fẹ́ kó gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnì náà bó ṣe ń lá a lálàá. Pápá ìsáré ọkọ̀ tó wà ní Baytown, tó ṣí ní 1988, ni mo rò pé à bá jọ lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti tì í ní 2023, mi ò sì ní gbà fún un láti sáré ní títì.

Owó oṣù tó kọjá, táímìn bẹ́líìtì, wọ́tà pọ́ọ̀mpù àti bíréèkì tuntun ló fi rà. Ó wọn ọ́ìlì lójú mi, ó kọ ọjọ́ sínú ìwé. Tọ́bò tó ti rà tẹ́lẹ̀ ṣì wà nínú páálí rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó tí ìyá rẹ̀ gbé wá láti Ìjẹ̀bú-Òde.