Surya Bonaly: Eré Ìdárayá Ni, Kì Í Ṣe Ijó

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín pé èmi tí ń ta aṣọ ní ọjà Wuse ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí eré àwọn tí ń fi bàtà onírin yọ̀ lórí yìnyín. Yìnyín tí a mọ̀ níhìn-ín kò ju èyí tí àwọn ọlọ́tí fi ń mú ọtí tutù lọ. Ọmọ mi obìnrin ni ó fi obìnrin kan hàn mí nínú fóònù, láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ti kúrò lọ́kàn mi.

Surya Bonaly ni orúkọ rẹ̀. Aláwọ̀ dúdú ni, ọmọ ilẹ̀ Faransé, a bí i ní ìlú Nice ní 1973. Láti 1991 títí dé 1995, òun ni ó ń gba ipò kìíní láàárín àwọn obìnrin Yúróòpù. Ṣùgbọ́n nínú ìdíje gbogbo ayé, ipò kejì ni ó ṣe ní 1993, ní 1994, àti ní 1995.

Nígbà náà, máàkì méjì ni adájọ́ kọ̀ọ̀kan ń fúnni, èyíkéyìí kò sì ju 6 lọ: ọ̀kan fún iṣẹ́ tí ènìyàn ṣe, ọ̀kan fún bí ó ṣe dùn ún wò tó. Surya ń fò, ó ń yí ẹ̀ẹ̀mẹta lófuurufú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó balẹ̀. Ní Òlíḿpíìkì Albertville, 1992, ó gbìyànjú àtiyí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Kò yí i pé, wọn kò kà á fún un, ṣùgbọ́n obìnrin mélòó ni ó tilẹ̀ dá irú rẹ̀ wò? Ohun tí a ń sọ sí i ni pé agbára ni ó ní, kò ní ẹwà.

Bí oníbàárà bá ra ọ̀pá aṣọ márùn-ún lọ́wọ́ mi, tí ó sì fura pé kò pé, yóò tún un wọ̀n lójú mi, ọ̀rọ̀ parí. Ọ̀pá wo ni a fi ń wọn ẹwà? Ẹ rántí ọjọ́ àwọn ọmọdé wa ní ọdún tí ó kọjá. Ọmọ tí ó kọ́kọ́ dé òpin gba ife ìsáré, ìyá ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ife ijó! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi parí ìjà rẹ̀, ojú ìwé mẹ́rin ni mo sì fi kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́.

Bùrọ̀dá kan nínú wa sọ fún mi pé orin wà níbi eré náà, aṣọ dídán wà, nítorí náà ijó ni. Ìlù kì í wọ́n níbi ìjàkadì pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ilẹ̀ ni a dá, kì í ṣe ẹni tí kò bá ìlù mu.

Ní Chiba ní ilẹ̀ Japan, 1994, díẹ̀ báyìí ni Yuka Sato fi borí rẹ̀. Surya kọ̀, kò gun orí pèpéle. Nígbà tí wọ́n fi mẹ́dàlì fàdákà kọ́ ọ lọ́rùn, ó bọ́ ọ. N kò gbè é lẹ́yìn níbẹ̀. Sato ṣiṣẹ́ kí ó tó gba tirẹ̀, kò sì sí nínú àwọn adájọ́.

Ti Nagano ní 1998 ni mo gbè é lẹ́yìn. Iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ ti já ní 1996, ó sì mọ̀ pé mẹ́dàlì kò sí fún òun mọ́. Ló bá ta òkìtì sẹ́yìn lórí yìnyín, ó sì fi ẹsẹ̀ kan balẹ̀. Ẹsẹ̀ kan, lórí irin tẹ́ẹ́rẹ́! Terry Kubicka ará Amẹ́ríkà ta òkìtì ní Innsbruck ní 1976, lẹ́yìn rẹ̀ ni òfin kà á léèwọ̀. Wọ́n yọ máàkì Surya, ipò kẹwàá ni ó sì bọ́ sí. Àwọn kan pè é ní ìgbéraga. Ní ilé wa, bí eégún onídán bá ta òkìtì, gbogbo ojúde ni ó mọ̀ bóyá ó balẹ̀ tàbí ó ṣubú. A kì í yan adájọ́ sí i.

Lẹ́yìn ìtìjú ìdájọ́ tí ó ṣẹlẹ̀ ní Salt Lake City ní 2002, wọ́n yí ọ̀nà ìfúnni-ní-máàkì padà, fífò kọ̀ọ̀kan sì ní iye tirẹ̀ nínú ìwé. Apá tí a ń fi ojú lásán díwọ̀n ṣì wà níbẹ̀. Ní oṣù kìíní 2024, Adam Siao Him Fa, ará Faransé bíi tirẹ̀, ta òkìtì náà ní ìdíje Yúróòpù. Wọ́n yọ máàkì 2, ó sì tún gba wúrà. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà ni wọ́n mú èèwọ̀ náà kúrò. Surya ti pé ẹni àádọ́ta ọdún nígbà náà.

Ọmọ mi bi mí pé, “Bàámi, ṣé wọ́n ti wá dá máàkì rẹ̀ padà fún un?” Mo ní wọn kò dá a padà.