Owó Ìtanràn Lórí Èdè Ìyá Ẹni

Àwọn àgbà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, bí ọ̀rọ̀ mi bá ta yín lára, ẹ má bínú. Èmi gan-an wà lára àwọn tí mo fẹ́ bá wí.

Ẹ mọ̀ pé ní ọjọ́ Sátidé, púpọ̀ nínú wa máa ń lọ sí àdúgbò tí ó wà lẹ́yìn ọgbà yunifásítì láti kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n a ti fi òfin kan bà á jẹ́: ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì yóò san àádọ́ta náírà. Àwa ọmọ ẹgbẹ́ Yorùbá ni a ṣe òfin yìí o!

Ní ọjọ́ kan, mo fi Gẹ̀ẹ́sì bi ọmọbìnrin kan, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, ní ìṣirò ìyọkúrò. Ó kàn ń wò mí ni. Ẹnìkejì mi ní, "Olódo ni èyí." Mo mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ń ta ata, nítorí náà mo rọra sọ fún un ní Yorùbá pé, "Ẹnìkan ra ata ẹgbẹ̀ta náírà, ó fún ọ ní ẹgbẹ̀rún. Èló ni ṣéńjì rẹ̀?" N kò tí ì pa ẹnu dé tí ó fi dáhùn pé, "Irinwó ni, bùrọ̀dá. Màá sì bu ènì sí i fún un." Kí ni èrè rẹ̀? Wọ́n ní kí ó san àádọ́ta náírà. Èmi tí mo fi Yorùbá bi í léèrè kò san kọ́bọ̀. Mo dákẹ́, ojú sì ń tì mí títí di òní. Nínú àwa mẹ́ta, ta ni olódo?

Àwọn kan yóò ní Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn òbí fẹ́. Òótọ́ ni. Èdè ni èmi náà ń kọ́ níhìn-ín, n kò sì kórìíra èdè kankan. Ṣùgbọ́n kíkọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀ sí fífi Gẹ̀ẹ́sì dí ọ̀nà ìṣirò mọ́ ọn. Ẹ wo Ifẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko; olùkọ́ tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì dájú ni ó ń kọ́ wọn ní èdè náà lọ́tọ̀. Nígbà tí a dán wọn wò, wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí a yí sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kẹrin lọ; Gẹ̀ẹ́sì wọn pàápàá kò rẹ̀yìn.

Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà kalẹ̀ pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀; ní 2025, wọ́n fagi lé e. Olùkọ́ ìjọba lè ní wọ́n de òun lọ́wọ́. Ta ni ó de àwa? Kò sí alábòójútó tí ń yẹ̀ wá wò ní ọjọ́ Sátidé.

Àbá mi kò pọ̀. Kí a fagi lé òfin ìtanràn náà, kí a sì dá owó àwọn ọmọ padà fún wọn. Kí a ya wákàtí kan sọ́tọ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì, kí a sì fi Yorùbá kọ́ wọn ní ìyókù. Ẹni tí kò bá lè fi Yorùbá ṣàlàyé ìṣirò, kí ó kọ́kọ́ lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ ìyá aláta.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ mi kò bá tẹ́ lọ́rùn, kí ó kọ̀wé sí olóòtú. Kí ó fi Yorùbá kọ ọ́. A kò ní gba àádọ́ta náírà lọ́wọ́ rẹ̀.